Wọ́n Pa Orúkọ Odò Alágbàfọ̀ Rẹ́

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, akọ̀wé máàpù jókòó ti búrẹ́dì àti tíì rẹ̀, ó ń jẹun, ó ń wo aago. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sójú fèrèsé, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ wá ojú abẹ́rẹ́. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́, nítorí pé ọmọ wọn kan ṣoṣo, ọmọbìnrin ọlọ́dún méje, ti lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ màmá ìyá rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìlú. Tíńtín ni gbogbo ayé ń pè é, torí pé ó kéré gan-an nígbà tí wọ́n bí i. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò kéré.

Rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Àwọn elétò ìlera ti rí kòkòrò àrùn onígbáméjì nínú omi odò..."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wá pe orúkọ kan. Orúkọ náà gùn débi pé ó mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó pè é tán. Orúkọ òkú ọkùnrin kan ni, pẹ̀lú gbogbo oyè tó jẹ láyé. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ó ti gba àyè tó.

"Ẹ má ṣe mu ún, ẹ má fi fọ abọ́, ẹ má fi wẹ̀. A sì ti ti omi ẹ̀rọ pa ní ìsàlẹ̀ ìlú títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò."

Aránṣọ gbójú sókè. "Bàbá Tíńtín, níbo ni odò yìí wà?"

"Èwo?"

"Èyí tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ yìí. Ẹ̀yin lẹ ni máàpù. Ṣé kò sún mọ́ ọ̀dọ̀ màámi báyìí?"

"Ìyá Tíńtín, odò pọ̀ láyé. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Á jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn kan ló wà. Ṣebí Odò Alágbàfọ̀ ló wà lọ́dọ̀ Màmá, ìwọ náà mọ̀."

Kò gbọ́ ọ rí! Ọwọ́ tó fi di ife tíì mú yẹn gan-an ló fi kọ orúkọ náà sórí máàpù ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Yàrá tí wọ́n ti ń ṣe máàpù ní ọ́fíìsì wọn gbóná, fèrèsé méjì péré ló ní, wọ́n sì ti kan ọ̀kan pa. Ni agbaṣẹ́ṣe ńlá kan bá dé lọ́jọ́ kan, ó ní inú òun ò dùn sí bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń làágùn. Ó gbé ẹ̀rọ amúlétutù tuntun wá, ó ní kí wọ́n kàn án mọ́ ògiri. Ẹnikẹ́ni ò bi í pé kí ló dé. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ló mú lẹ́tà wá: òun fẹ́ kí odò ìsàlẹ̀ ìlú máa jẹ́ orúkọ bàbá òun tó ti kú, kí orúkọ náà má baà parun.

Ọ̀gá ọ́fíìsì fọwọ́ sí lẹ́tà náà, ó sì pe akọ̀wé. "Akọ̀wé, bá wa fi èyí sí i. Èèyàn dáadáa lọkùnrin yìí. Ìwọ náà sì ń gbádùn afẹ́fẹ́ ẹ̀."

Iṣẹ́ yẹn ní òfin, wọ́n sì lẹ òfin náà mọ́ ògiri níwájú rẹ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan orúkọ omi kankan, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ sí etí omi náà. Kó bi èèyàn mẹ́ta tó ti pẹ́ níbẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó kọ ohun tí kálukú bá sọ. Nínú ètò orí kọ̀ǹpútà náà, ojú àlàfo méjì ló wà fún orúkọ. Àkọ́kọ́ wà fún orúkọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é, èkejì wà fún orúkọ yòókù tí àwọn mìíràn ń pè é. Wọn kì í pa orúkọ tí ẹnu èèyàn ń pè rẹ́ ráúráú. Bí orúkọ tuntun bá tiẹ̀ gbàyè iwájú, èyí tó ti wà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní àlàfo kejì, kí ẹni tó bá wá a lè rí i.

Akọ̀wé ò lọ sétí odò kankan. Ó ṣí lẹ́tà, ó pa Odò Alágbàfọ̀ rẹ́, ó da orúkọ gígùn yẹn kọ lẹ́tà sí lẹ́tà, kò tiẹ̀ kà á. Ó fi àlàfo kejì sílẹ̀ lófìfo, ó sì lọ mu omi tútù. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn wọ̀nyí ò wolé, wọn ò wodò, ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n wò.

Iṣẹ́ jákujàku! Máàpù yẹn kì í ṣe àwòrán tí wọ́n fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ o. Òun ni fóònù gbogbo wa ń kà. Òun ni panápaná ń wò, òun náà ni àwọn elétò ìlera wò nígbà tí wọ́n ń kọ ìkìlọ̀ wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn kan náà, ìkìlọ̀ náà wọlé sórí fóònù Màmá Alágbàfọ̀, ìyá aránṣọ. Ogójì ọdún ni màmá yìí ti ń fọṣọ fún gbogbo ìlú létí odò yẹn, òun àti àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá. Èèyàn tó ń ṣọ́ra ni. Kì í jẹ èso tí kò bá fọ̀. Ó ka ìkìlọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó jáde síta, ó pàtẹ́wọ́ pe àwọn aládùúgbò.

"Ẹ gbọ́ o! Odò kan ti bàjẹ́ níbì kan. Mi ò mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n onígbáméjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín rìn kiri lọ mu omi ibi tí a ò mọ̀."

"Màmá, omi ẹ̀rọ náà ti dá o," obìnrin kan ní. "Kí la máa mu?"

"Kí la mu ká tó ní ẹ̀rọ? Odò tiwa ńkọ́? Ẹ wá gbé korobá yín."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé korobá. Ìkìlọ̀ tó yẹ kó lé wọn kúrò létí odò ló kó wọn lọ síbẹ̀. Àwọn tí kì í mu omi odò tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ aṣọ nìkan ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀, wọ́n bu ún mu lọ́jọ́ náà. Màmá fi aṣọ funfun sẹ́ tirẹ̀ kó tó fún Tíńtín. Kòkòrò tí ojú ò lè rí, aṣọ wo ló fẹ́ sẹ́ ẹ?

Nírọ̀lẹ́, aránṣọ pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màámi, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ àbí?"

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Mo tiẹ̀ ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Omi ẹ̀rọ ti dá, ṣùgbọ́n a ní odò tiwa. Ọmọ rẹ ti fẹ́ fi ìbéèrè dá mi lágara, òun ló ń pariwo yẹn."

"A dúpẹ́ o, Màámi. Ẹ máa ṣọ́ ọ dáadáa."

Aránṣọ sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí pé ó sùn dáadáa.

Ní Ọjọ́bọ̀, nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, wolé-wolé kan já wọ ọ́fíìsì máàpù láìkan ilẹ̀kùn. Obìnrin àgbàlagbà ni, ẹrẹ̀ ti bo bàtà rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀.

"Ta ló ń ṣe odò níbí?"

"Èmi ni, mà. Ẹ káàárọ̀, mà," akọ̀wé dáhùn.

"Àárọ̀ ò dáa. Ọjọ́ kẹta rèé tí a ti ń kéde odò yìí. Èèyàn méjìlá ti dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn, ìsàlẹ̀ ìlú ni gbogbo wọn ti wá. Láàárọ̀ yìí mo lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo bi èèyàn mọ́kànlélógún, kò sẹ́ni tó mọ odò tí mò ń wí. Ẹ fi hàn mí kí n fojú ara mi rí i."

Akọ̀wé jókòó, ó tẹ orúkọ gígùn náà. Àwòrán sáré lójú kọ̀ǹpútà, ó sì dúró. Ìlà búlúù kan gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, ó gba abẹ́ afárá onípákó, ó kọjá lára àwọn òkúta pẹlẹbẹ tí àwọn obìnrin ń sá aṣọ sí. Ilé kan wà lókè àwọn òkúta náà, òrùlé rẹ̀ pupa. Ilé ìyá ìyàwó rẹ̀ ni.

Ó na ìka sí ìlà náà. "Mà... Odò Alágbàfọ̀ rèé."

"Kí lẹ pè é?"

"Odò Alágbàfọ̀ ni wọ́n ń pè é, mà."

Wolé-wolé gbé ọwọ́ lérí. "Yéè! Gbogbo ẹni tí mo bi ló sọ fún mi pé àwọn ò mu odò tí mò ń wí, Odò Alágbàfọ̀ làwọn ń mu! Mo tiẹ̀ yìn wọ́n! Mo ní ẹ ṣeun, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀! Ta ló yí orúkọ yìí padà?"

Kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé bí èèyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan orúkọ, ètò náà ń tọ́jú ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Akọ̀wé tẹ ibẹ̀. Ó rí orúkọ ara rẹ̀.

Ọ̀gá ti jáde látinú yàrá tirẹ̀. "Mà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a lè jókòó yanjú ni. Bí a bá kọ̀wé sí..."

"Ọ̀gá, ẹ dákẹ́! Ẹ dákẹ́ ẹnu yín! Kì í ṣe ìwé là ń kọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí àga yẹn, ẹ kọ orúkọ odò padà níwájú mi báyìí, kí n pe ilé iṣẹ́ rédíò!"

Akọ̀wé ò dúró gbọ́ tán. Ó ti sáré jáde, ó ti ń na ọwọ́ sí alùpùpù tó ń kọjá. "Ọmọ mi wà níbẹ̀! Ọmọ mi wà níbẹ̀!"

Nígbà tó dé, ilẹ̀kùn ilé Màmá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Tíńtín wà lórí ẹní, ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ gbẹ. Kò sọ̀rọ̀. Tíńtín tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ó kàn ń wo bàbá rẹ̀ ni. Màmá jókòó tì í, ó ń fi ṣíbí bu omi láti inú ife sí i lẹ́nu. Òun náà ti rù láàárín wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti ń ṣu omi láti ìdájí.

"Káàbọ̀, ọkọ ọmọ mi. Àárọ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀. Mo ti po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún un bí wọ́n ṣe kọ́ wa."

"Màmá, omi wo lẹ fi pò ó?"

"Omi odò tiwa ni. Èyí tó bàjẹ́ yẹn kọ́."

Akọ̀wé gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà á sílẹ̀. "Màmá, odò tiwa náà ni! Òun ni wọ́n ń kéde ẹ̀!"

Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀. "Odò tiwa? Ta ló wá sọ ọ́ lórúkọ tí àwa tí a bá a dàgbà ò gbọ́?"

 Akọ̀wé gbé ọmọ kọ́ èjìká, ó di màmá lọ́wọ́ mú, wọ́n bọ́ sọ́nà ilé ìwòsàn.

Ilé ìwòsàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ńṣì ò sí mọ́, ilẹ̀ làwọn èèyàn wà. Nọ́ọ̀sì kan ń fi ohùn tó ti há sọ ohun kan náà fún gbogbo ẹni tó bá wọlé:

"Ẹ má dúró dìgbà tí yóò le. Bí ìgbẹ́ bá ti di omi, tó ń yára wá, ilé ìwòsàn ni o. Bí ẹ bá ń múra àtiwá, ẹ máa fún un lómi oníyọ̀ àti ṣúgà lọ́nà. Omi tí ẹ sè tó hó dáadáa, tí ẹ jẹ́ kó tutù, lítà kan. Ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kó má ga ju etí ṣíbí. Díẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ máa fún un. Omi tí ẹ ò sè, ẹ má fi pò ó, àrùn lẹ tún ń bù fún un yẹn."

Wọ́n fa dírípù sí Tíńtín lára. Dírípù tó kù nílẹ̀ ò pọ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé ọ̀dọ̀ Màmá, Màmá fọwọ́ júwe obìnrin kan tó gbé ọmọ ọwọ́. "Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn ná. Èmi ṣì lágbára." Irọ́ ni. Kò lágbára mọ́. Nígbà tí wọ́n máa fi padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iṣan ọwọ́ rẹ̀ ti sá, wọn ò rí ibi tí wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ sí. Ó kú ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, aránṣọ ọmọ rẹ̀, tó ti sáré dé lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn yẹn ni aránṣọ ti dojú kọ ọkọ rẹ̀. Wolé-wolé ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Bàbá Tíńtín, ta ló kọ orúkọ yẹn?"

"Èmi ni."

"Ẹ sọ fún mi pé ẹ ò gbọ́ ọ rí."

"Mi ò kà á, Ìyá Tíńtín. Mo kàn dà á kọ ni. Ọ̀gá ló ní..."

"Ẹ dà á kọ!" Ohùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀. "Ìyá mi fi ogójì ọdún fọṣọ létí odò yẹn. Odò yẹn ló fi rán mi lọ sílé ìwé, òun ló fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún mi. Gbogbo ayé mọ orúkọ ẹ̀. Ẹ̀yin gan-an mọ orúkọ ẹ̀! Ẹ pa á rẹ́ torí afẹ́fẹ́ tútù! Ṣé ooru ń pa yín ni? Ẹ wo ẹni tí ooru ò pa!"

Akọ̀wé kúnlẹ̀, ó fọwọ́ bojú. Aránṣọ ò ní kó dìde. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ òkò yẹn ò lè sọ pé òun ò rí ọjà.

Tíńtín yè é, ṣùgbọ́n èèyàn márùn-ún ló kú pátá, Màmá wà nínú wọn. Wọ́n lé akọ̀wé lẹ́nu iṣẹ́, ẹjọ́ rẹ̀ sì ń lọ ní kóòtù. Ọ̀gá kọ́kọ́ ní òun ò mọ nǹkan kan, títí wọ́n fi fa lẹ́tà tó fọwọ́ sí jáde látinú fáìlì. Òun náà ti wà nílé báyìí, ó ń dúró de ọjọ́ tirẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe wá sí kóòtù nínú aṣọ funfun, ó ní òun kàn fẹ́ yẹ́ bàbá òun sí ni. Ó ní kí orúkọ bàbá òun má parun. Kò parun. Òun làwọn ìyá ìsàlẹ̀ ìlú fi ń ṣépè fún ara wọn báyìí.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn, wolé-wolé dúró lórí ọ̀gá títí ó fi kọ orúkọ odò padà, ó sì gba orí fóònù kéde rẹ̀ lórí rédíò: "Odò Alágbàfọ̀, èyí tó gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, tó gba abẹ́ afárá onípákó." Àwọn tó wà létí odò sọ pé àwọn ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ kí àwọn tó da korobá àwọn nù. Nígbà tó fi máa di aago kan, kò sí ẹyọ èèyàn kan nínú omi. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń kéde orúkọ òkú, ẹnìkan ò mira.

Nítorí náà, ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ṣí máàpù tó wà lórí fóònù rẹ lónìí. Wo òpópónà rẹ, wo odò rẹ, kànga rẹ, ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọ. Bí orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í bá ṣe èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, tàbí tí kò tilẹ̀ sí orúkọ, tẹ ibẹ̀, wá ibi tí wọ́n ní kí o tún un ṣe, kí o kọ ọ́. Má fi àbá orí ara rẹ kọ ọ́. Bi èèyàn mẹ́ta tó ti pẹ́ níbẹ̀, bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí orúkọ wọn bá yàtọ̀ síra, kọ gbogbo rẹ̀, má pa ìkankan rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ fi omi gbogbo ìlú ṣe ẹ̀bùn fún òkú rẹ̀, ẹ kọ̀ fún un lójú gbogbo èèyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kéde lórí rédíò, ẹ má pe orúkọ nìkan, ẹ sọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tí ojú lè rí. Ẹ̀yin tí ẹ sì gbọ́ orúkọ tí ẹ ò mọ̀ nínú ìkìlọ̀, ẹ má sọ pé kò kàn yín. Ẹ pe wolé-wolé, ẹ bi í níbo gan-an ni. Títí ẹ ó fi mọ̀, omi tí ẹ bá máa mu, ẹ sè é.

Ẹ má dúró de ọ́fíìsì kankan. Orúkọ odò yín, ẹ lọ wò ó lónìí. Bí wọ́n bá ti pa á rẹ́, ẹ kọ ọ́ padà kí ọmọ ẹnìkan tó mu ún.